Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ Orúkọ Ìdílé Yín Dé Orísun Rẹ̀

Orúkọ tí ẹ ń kọ mọ́ orúkọ ara yín, ẹnìkan ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ó lè jẹ́ baba baba yín, ó lè jẹ́ baba tó bí ìyẹn. Kì í sábà jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé orúkọ ìdílé àwọn ti wà láti ìgbà Odùduwà, ṣùgbọ́n kí ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, Yorùbá kò ní irú orúkọ ìdílé tí àwọn òyìnbó ní. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ irú Òjó tí à ń sọ, wọn á ní Òjó ọmọ Akíndélé, Òjó ilé Alágbẹ̀dẹ, tàbí Òjó adẹ́mu.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sínú ìwé ìrìbọmi, tí tíṣà ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀, tí ìjọba ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kó lè sanwó oṣù, gbogbo wọn ló ń bèèrè orúkọ kejì. Ọmọ kan á dárúkọ baba rẹ̀. Òmíràn á dárúkọ baba àgbà tó lókìkí jù nílé wọn, òmíràn á sì dárúkọ agboolé tàbí oyè tí wọ́n ń jẹ nílé wọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá méjì fi lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ilé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ, tí oníkálukú sì fèsì bó ṣe yé e.

Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó jẹ́ ẹ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ ìkómọ náà, ìdajì ìtumọ̀ ló máa rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ

Ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ara yín sí ìsàlẹ̀, orúkọ baba yín sókè rẹ̀, ti baba rẹ̀ sókè ìyẹn, kí ẹ máa gùn ún lọ. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́: ti ìrìbọmi tàbí ti mùsùlùmí, ti ìkómọ, oríkì, inagijẹ àti oyè. Ẹ ó dé ibì kan tí orúkọ ìdílé yín kò ní jẹ́ orúkọ ìdílé mọ́. Bí baba àgbà yín bá ń jẹ́ Joseph Fátúnbí, tí baba tirẹ̀ sì ń jẹ́ Fátúnbí lásán, ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹni yẹn ni ẹ fẹ́ mọ ìtàn ìbí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn àgbà. Ẹ má ṣe fi ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí àgbàlagbà tí a bá bi ní ìtumọ̀ orúkọ á fún wa ní èyí tó dùn létí. Ẹ bi wọ́n pé: Ta ló jẹ́ orúkọ yìí? Ṣé wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ ìkómọ ni, àbí nígbà tó dàgbà? Àwọn ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ ti bí ṣáájú rẹ̀, ṣé wọ́n yè? Iṣẹ́ wo ni baba rẹ̀ ń ṣe? Òrìṣà wo ni wọ́n ń bọ nílé? Ìlú wo ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó tẹ̀dó síbi tí wọ́n wà? Bí ìdáhùn bá jọ ara wọn lẹ́nu ẹni méjì tí kì í gbé pọ̀, ẹ lè fọkàn tán an.

Èmi a máa fẹ́ kí ẹ lọ bá àwọn ìyàwó ilé ṣáájú àwọn ọmọ ilé. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ó ní láti fún un ní orúkọ mìíràn: Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, Ẹléyinjú-ẹgẹ́, Bàbá Kékeré. Òun náà ló ń fi oríkì jí ọkọ, tó ń fi oríkì rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀pọ̀ inagijẹ tó ti di orúkọ ìdílé lónìí, ẹnu àwọn obìnrin ilé ló ti jáde, àwọn ló sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ilé a máa rántí ilẹ̀ àti oyè, àwọn ìyàwó a máa rántí ẹni. Ẹ tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ orí fóònù yín, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ohùn orúkọ náà má bàa bọ́ nù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dá àmì ohùn rẹ̀ padà

Orúkọ tí kò ní àmì, ẹ má tíì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wo Oni àti Ola. Ẹni tó bá rí Ola nínú ìwé á sáré sọ pé ọlá ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ọmọ tó bá ń ké tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń pè ní Òní, èyí tí wọ́n bí tẹ̀lé e ni Ọ̀la, tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn a sì máa jẹ́ Ọ̀túnla. Ilé tó ń jẹ́ Ọ̀la kò bá ọlá tan rárá. Bákan náà ni Òjó kì í ṣe òjò, Ògún inú orúkọ kì í sì í ṣe ogun tí wọ́n ń jà.

Bí ẹ bá mọ bí àwọn ará ilé ṣe ń pè é, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kódà bí kò bá bá ti ìwé mu. Bí kò bá dá yín lójú, àkójọ orúkọ tó wà lórí YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, á fi àmì ohùn àti ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ hàn yín. Ẹ fi ṣe àmọ̀nà, ẹ má fi í ju ẹ̀rí àgbà ilé lọ.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àkọtọ́ ti yí padà. Èyí tí a ń lò báyìí, ọdún 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ṣáájú ìgbà náà, aiye ni wọ́n ń kọ fún ayé, sh sì wọ́pọ̀ níbi tí ṣ wà. Orúkọ ìdílé kì í tẹ̀lé àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ní wéré, nítorí pé ó ti wà lórí sáṣifíkéètì. Èyí ló mú kí Aiyedun àti Ayédùn jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, tí Shonubi àti Ṣónúbi náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ti Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́: ou dúró fún u, dj fún j, ch fún ṣ. Olatoundji ni Ọlátúnjí. Àwọn Kúbà náà fi ch dípò ṣ: babaláwo ńlá tó gbé ní Regla lẹ́bàá Havana, Remigio Herrera, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni Adechina, ìyẹn Adéṣínà. Ní Bràsíìlì, x ni wọ́n ń lò. Bamboxê tí ẹ bá rí ní Bahia, Bángbóṣé ni: bá mi gbé oṣé, oṣé Ṣàngó. Ẹ gbé orúkọ náà sẹ́nu kí ẹ pè é sókè. Etí Yorùbá yára mọ̀ ọ́n ju ojú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Irú orúkọ wo ni?

Ibí yìí ni ìtumọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, nítorí pé irú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí a ń gbà kà á. Bí ẹ bá fi ọ̀nà ọ̀kan ka òmíràn, ẹ ó ṣìnà.

Bóyá àmútọ̀runwá ni. Bí ọmọ ṣe wáyé ló sọ ọ́ lórúkọ, òbí kò yàn án. Ẹni tó ń jẹ́ Àjàyí, baba tó fi orúkọ náà sílẹ̀ dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ìgè fi ẹsẹ̀ jáde. Òjó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Àìná ni obìnrin, àmọ́ àwọn ibì kan wà tí ọkùnrin náà ń jẹ́ Àìná. Òkè, Sàlàkọ́ àti Tàlàbí bá awọ tó bò wọ́n tàbí àpò omi wáyé. Dàda wá pẹ̀lú irun tó ta kókó. Olúgbódi ní ìka mẹ́fà. Ìlọ̀rí ni èyí tí ìyá rẹ̀ lóyún láìtíì rí nǹkan oṣù lẹ́yìn ọmọ tó bí ṣáájú. Táíwò àti Kẹ́hìndé, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ìdílé yín bá jẹ́ Ìdòwú tàbí Àlàbá, ẹ mọ̀ pé ìbejì kan wà ṣáájú baba yín, kí ẹ sì bèèrè wọn. Wọ́n lè kú ní kékeré kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ wọn mọ́. Orúkọ àbúrò nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí pé wọ́n wá.

Bóyá orúkọ àbíkú ni. Irú èyí a máa le létí, àwọn ọmọ ìdílé kan sì ń tijú rẹ̀. Kò yẹ kí ẹ tijú. Ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń bá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Rótìmí, Dúrósinmí. Nígbà mìíràn ó ń bá Ikú fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀: Kúforíjì. Nígbà mìíràn ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ní Kásìmáawò. Òmíràn halẹ̀ mọ́ ọmọ pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, Kòsọ́kọ́. Ẹni tó jẹ́ Kòsọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀ jù jọba Èkó láti 1845 di 1851 kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lé e kúrò lórí oyè. Ọba ni o, síbẹ̀ orúkọ ọmọ tí wọn kò retí pé yóò dúró ló gbé gorí ìtẹ́. Ìdílé tó bá ń jẹ́ irú orúkọ yìí, ìbéèrè wọn rọrùn: àwọn wo ló ti lọ kí èyí tó dúró?

Bóyá oríkì ni. Àlàó, Àjàní, Àyìndé, Àyìnlá, Àkànní, Àdìó, Àjàgbé pọ̀ bí orúkọ ìdílé, pàápàá láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ: À ni ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló sì sábà tẹ̀lé e. À-jà-ní, ẹni tí a jà kí a tó ní. Ti obìnrin náà bẹ́ẹ̀: À-bẹ̀-kẹ́, À-jọ-kẹ́. Oríkì kì í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tó bẹ́ẹ̀. Ìrètí àti ìfẹ́ ló ń sọ. Nítorí náà, bí orúkọ ìdílé yín bá jẹ́ oríkì, ẹ mọ̀ pé bàbá náà ní orúkọ ìkómọ mìíràn, ìyẹn gan-an ni ẹ ṣì ń wá.

Bóyá oyè tàbí iṣẹ́ ni. Balógun, Jagun, Ọ̀dọ̀fin, Àpènà, Olúwo, Ṣẹ́ríkí, Mọ́gàjí, Alágbẹ̀dẹ. Níbí, ẹ má wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rárá, ẹ wá ìlú. Balógun ibo ni? Ọba wo ló fi í jẹ? Àpènà inú ìlédì Ògbóni wo?

Ìyókù, tó pọ̀ jù lọ, àbísọ ni. Wọ́n ní ìgbésẹ̀ tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tú àbísọ palẹ̀

Orúkọ àbísọ jẹ́ odindi gbólóhùn. Ó ní olùwà, ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe, ó sì sábà ní ohun tí ìṣe náà bà lé. Nígbà tí a pè é pọ̀, fáwẹ́lì kan á jẹ òmíràn. Ifá gbè mí di Fágbèmí. Oṣó yí mi ká di Ṣóyínká. Ẹ dá fáwẹ́lì tó sọnù padà, kí ẹ kọ gbólóhùn náà ní kíkún, lẹ́yìn náà kí ẹ bi àgbà ilé bóyá bó ṣe rí nìyẹn.

Orí orúkọ náà ló máa ń sọ ilé tó ti wá. Àyàn ni ti onílù: Àyándélé, Àyánkúnlé. Ọ̀jẹ̀ ni ti eléégún: Ọ̀jẹ̀ládé. Ọdẹ jẹ́ ti ọdẹ, Ògún jẹ́ ti ọdẹ pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ àti jagunjagun. Fá àti Awo jẹ́ ti ilé Ifá. Ẹfun jẹ́ ti Ọbàtálá, òun ló wà nínú orúkọ Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tí wọ́n pa ní 1874. Adé jẹ́ ti ilé ọba, Oyè ti ilé olóyè, Akin ti akọni. Odù àti Ṣó wọ́pọ̀ láàárín Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ àti Ẹ̀gbá ju ibi yòókù lọ, Akin pọ̀ gan-an ní Òǹdó àti Èkìtì.

Àmọ̀nà ni gbogbo èyí, kì í ṣe ìdájọ́. Adé lè wọlé láti ọ̀dọ̀ ìyá tó jẹ́ ọmọ ọba, nígbà tí baba jẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun lè jẹ́ Ọ̀ṣúnbùnmi nínú ilé tí wọ́n ń bọ Ṣàngó láti ìran dé ìran. Lóde òní, èèyàn ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Adé torí pé ó dùn ún pè. Àyàn nìkan ni mo lè sọ pé kì í sábà tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí kò bá bá ìlù tan kì í déédéé sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Olú gbọ́dọ̀ mú yín ronú. Àwa onígbàgbọ́ a máa kà á sí Olúwa, orúkọ tuntun púpọ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olú tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ni olórí, ọ̀gá, ẹni tó tayọ. Bí baba ńlá yín tó ń jẹ́ orúkọ Olú bá ti gbé ayé kí ìgbàgbọ́ tó dé ìlú yín, ẹ ronú sí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yẹn.

Orúkọ tí wọ́n ti gé kúrú náà ń fẹ́ sùúrù. Délé lè jẹ́ Ayọ̀délé, Akíndélé, Ọládélé, Bámidélé tàbí Ṣàngódélé. Bí wọ́n bá ti fi èyí tó kúrú ṣe orúkọ ìdílé, ẹ má mú orí tó wù yín lé e. Orúkọ tó wà lára òkúta ibojì tàbí ìwé ilẹ̀ ló lè yanjú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ǹjẹ́ wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀?

Nígbà tí ìdílé bá gba ìgbàgbọ́, wọ́n sábà máa ń yọ òrìṣà kúrò lórí orúkọ, kí wọ́n fi Olú, Olúwa tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀. Fábùnmi di Olúbùnmi, Ògúnbíyì di Olúbíyì, Èṣùgbàyí di Olúgbàyí. Bí Èkó ṣe ń gbilẹ̀ tí ìjọ ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹnikẹ́ni ló láṣẹ lórí orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí wọ́n yí ti baba àgbà tó ti kú padà nínú ìwé ètò òkú àti lára ibojì. Ẹ̀rí ni wọ́n ń pa rẹ́. Bí orúkọ ìdílé yín bá jẹ́ Olú tí àwọn ẹbí tó kù sílé ń jẹ́ Ògún pẹ̀lú ìparí kan náà, ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà kejì náà wà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ju orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mọ́jọlá Agbebi ní 1894. Jacob Henryson Samuel tó di akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá padà ń jẹ́ Adégbóyèga Edun. Ní àwọn ọdún 1970, Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú Ransome-Kútì, ó fi Aníkúlápó sí i. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn irú ìyípadà yìí lè má mọ̀ pé orúkọ mìíràn ló wà nínú ìwé ìrìbọmi baba àgbà wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí orúkọ náà kì í bá ṣe Yorùbá

Johnson, Williams, Cole, Davies, Coker, George, Macaulay: bí ẹ bá ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn l'Ékòó tàbí l'Ábẹ́òkúta, ẹ bèèrè bóyá Sàró ni yín. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa gba ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọn a kó àwọn inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown ní Sierra Leone, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún wọn ní orúkọ míṣọ́nnárì, ti gómìnà tàbí ti olóore ìjọ kan ní ìlú òyìnbó. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí Àjàyí nìyẹn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822, nígbà tó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Samuel Crowther. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ Àjàyí nù. Ọ̀pọ̀ Sàró fi orúkọ Yorùbá sáàárín, nítorí náà ẹ wo orúkọ àárín àwọn bàbá yín dáadáa. Kì í sì í ṣe gbogbo Williams ló ti Sàró wá. Àwọn kan gbà á nílé ìwé míṣọ́n nílé níhìn-ín.

Da Silva, da Rocha, Pereira, Cardoso, Martins, Salvador, d'Almeida jẹ́ ti àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti Bràsíìlì. Lẹ́yìn ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú mùsùlùmí ní Salvador, Bahia, ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1835, ìjọba ibẹ̀ le mọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ wọn sì padà wá sí Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ouidah. Ní Bràsíìlì, orúkọ olówó ẹrú tàbí ti ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n sábà ń fún ẹrú. Nítorí náà, da Silva méjì lè máà bá ara wọn tan rárá, orúkọ náà kò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ Potogí wà níbẹ̀. Kò tún fi ẹ̀sìn hàn: àwọn Àgùdà mùsùlùmí náà ń jẹ́ orúkọ Potogí.

Ní Bahia fúnra rẹ̀, ibòmíràn ni kí ẹ wá orúkọ Yorùbá sí. Ìwé ìjọba á sọ Eugênia Anna dos Santos. Nínú ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá tí ó dá sílẹ̀ ní 1910, Obá Biyi ni, ìyẹn Ọba Bíyìí. Maria Stella de Azevedo Santos tó darí ilé kan náà láti 1976 títí tó fi kú ní 2018 ń jẹ́ Odé Kayodê, ọdẹ kó ayọ̀ dé. Ẹni tó bá ní ẹbí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè nílé òrìṣà, torí orúkọ tí wọ́n gbà lọ́jọ́ ìdóṣù, ọjọ́ tí wọ́n di olórìṣà, kì í sí lórí ìwé ìbí.

Ti àwọn mùsùlùmí rọrùn ju bí ó ti rí lójú lọ. Yorùbá ti yọ Abdu kúrò ní iwájú, ó sì dá ìyókù dúró. Kàrímù ni Abdul-Karim, Sàlámì ni Abdus-Salam, Ràsákì ni Abdur-Razzaq. L tó wà níwájú Lásísì àti Làmídì jẹ́ ìyókù al ti Lárúbáwá, láti inú Abdul-Aziz àti Abdul-Hamid. Bùràímọ̀ ni Ibrahim, Bákàrè ni Abu Bakr, Mọ́mọ̀dù ni Muhammad. Jímọ̀ ni ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ má dúró níbẹ̀. Bàbá tó jẹ́ Lásísì ní oríkì, ó sì ṣeé ṣe kó ní orúkọ àbísọ. Orúkọ ẹ̀sìn kì í lé ti ilé jáde.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ bèèrè oríkì orílẹ̀

Ẹni méjì lè jẹ́ Ògúnlékè ní Ìbàdàn kan náà kí wọ́n má bára tan. Àwọn bàbá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀ ló ń fi ìran hàn. Bí àwọn àgbà bá ń kì yín ní Ìyèrú Òkín, Ọlọ́fà Mọ́jọ, Ọ̀fà ni ìran yín ti ṣẹ̀, ibi yòówù kí ẹ máa gbé. Bí wọ́n bá ń kì yín ní ọmọ Oníkòyí, ìran ẹ̀ṣọ́ ni yín, àwọn tó ń fi iwájú gba ọfà. Òpómúléró náà ní tirẹ̀, Arẹ̀sà ní tirẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ṣàgámù ni ìlú òun. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kó ènìyàn jọ sáwọn ìlú wọ̀nyí. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun tẹ̀dó sí Ìbàdàn, láti ibi púpọ̀ ni wọ́n sì ti wá. Ìbéèrè tó kàn ni pé: níbo ni ẹ ti wá kí ẹ tó dé ibẹ̀? Èèwọ̀ oúnjẹ ilé àti irú ilà tí àwọn àgbà kọ, bóyá àbàjà, pélé tàbí gọ̀ǹbọ́, á ti ìdáhùn náà lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ lọ síbi ìwé

Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn àgbà yín ń lọ ní rẹ́jísítà ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé orúkọ baba àti iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ní ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti ìjà oyè. Ẹjọ́ ilẹ̀ dára púpọ̀: níbẹ̀ ni àwọn bàbá ti ń ka ìran wọn sílẹ̀ níwájú adájọ́ kí ilẹ̀ má bàa bọ́. Ẹ rántí pé ẹjọ́ ni o, oníkálukú ń ka èyí tó máa gbè é. Àwọn ìwé CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ti ìgbà ìjímìjí wà ní Yunifásítì Birmingham ní Gẹ̀ẹ́sì.

Fún àwọn Sàró àti àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Kúbà, ẹ ṣí SlaveVoyages lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà 91,491 tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ ní Freetown àti Havana, wà níbẹ̀. Akọ̀wé náà kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ẹ pè é sókè kí ẹ tó pinnu pé kì í ṣe orúkọ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe

Àwọn kan á fẹ́ dá orúkọ àtijọ́ padà tàbí kí wọ́n tún bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ṣe. Ní Nàìjíríà, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbúra, ẹ tẹ ìpolówó ìyípadà orúkọ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì pa odindi ìwé ìròyìn náà mọ́. NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe lọ́dọ̀ àjọ NIMC, nítorí pé òun ni báńkì àti àwọn tó ń ṣe páásípọ́ọ̀tù ń wò. Àwọn sáṣifíkéètì ilé ìwé àtijọ́ yóò máa jẹ́ orúkọ àtijọ́, ẹ máa so ẹ̀dà ìwé ìbúra àti ìwé ìròyìn mọ́ wọn níbikíbi tí ẹ bá ń fi wọ́n hàn. Ẹ má retí àmì ohùn lórí káàdì: ìlà tí ẹ̀rọ ń kà ní ìsàlẹ̀ páásípọ́ọ̀tù kì í gba ju lẹ́tà lásán lọ. Lórí káàdì ìpè ìkómọ, lórí òkúta ibojì àti nínú ìwé ìdílé tí ẹ̀ ń kọ yìí, kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́ láti fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i.